Rìsí Dúró Dè Mí ní Ìyànà Ìjù

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ojú mi ló rí i, ẹsẹ̀ mi yìí kan náà ló sì bá a sáré. Mi ò mutí, ibà kò ṣe mí, mi ò sì lá àlá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, àmọ́ kò lọ sísàlẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n rọra sọ ọ́ sí yín létí.

Sàǹgó Ọ̀tà ni mò ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn iléeṣẹ́ ike. Ìgbà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú ní gbogbo igun, tí wọ́n sì ń kọ́ yunifásítì síbi tó jẹ́ igbó lánàá. Típà oníyanrìn kì í sinmi lójú títì. Ẹni tó bá gbé Sàǹgó nígbà náà mọ eruku tí mò ń wí.

Iléeṣẹ́ ike yẹn ni èmi àti Rìsí ti pàdé. Rìsíkátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, ọmọ Mùsùlùmí. Èmi wá láti Ìkirè ní tèmi. Ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ike ni wọ́n fi Rìsí sí, ariwo ẹ̀rọ náà sì ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́. Bí o bá dúró sápá yẹn, pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn.

Eré sísá ló so wá pọ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn iléeṣẹ́ àdúgbò máa ń sá eré ọ̀nà jíjìn, Rìsí ló sì máa ń ṣáájú gbogbo obìnrin. Èmi á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá ti kírun àsùbáà tán láfẹ̀mọ́júmọ́, a ó pàdé ní ìyànà Ìjù, a ó sá lọ, a ó sá bọ̀, a ó sì wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

A ní bí a ṣe máa ń sá a. Etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún là ń gbà, torí òdìkejì ti di kòtò. Rìsí á wà níhà koríko, èmi á wà lápá òsì rẹ̀, níhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí n lè máa fetí tèmi gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn fún un. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án léjìká báyìí, ó ti mọ̀, á bọ́ sínú koríko. A kì í tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ dúró.

Ìgbà tó yá, mo lóyún. Oyún náà kò rọrùn rárá. Ọkọ mi ní kí n lọ bá ìyá mi ní Ìkirè, kí n lọ bímọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Rìsí ló bá mi gbé báàgì dé gáréèjì. Mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Dúró dè mí o. Má sáré lọ láìsí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá ìkókó, lọ bímọ. Màá dúró dè ẹ́. Tó o bá dé, èmi náà ni màá tún ẹsẹ̀ ẹ ṣe."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ lára mi. Nígbà tí mo fi máa padà sí Sàǹgó, Dàmọ́lá ti ń jókòó. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, wá bá wa gbé, kó lè máa bá mi wẹ ọmọ. Bí mo ṣe sọ ẹrù kalẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ọkọ mi ni pé, "Rìsí ńkọ́?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Rìsí ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti kó lọ sí Alápòtí, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀."

Inú bí mi. Ẹni tó ní òun á dúró dè mí! Nígbà tí àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wá kí mi kú ewu ọmọ, mo bi àwọn náà. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn yára gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Alápòtí mà ni, Alápòtí ló wà." Mo ní kò burú, ó kù sọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ní ti ara mi, kò jọ tèmi mọ́. Kí n pọn ọmọ dé ìdí ẹ̀rọ omi, èémí mi á fẹ́ẹ̀ pin. Màámi ní ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀ kì í sáré mọ́, kó jókòó kó máa dúpẹ́. Ará ilé wa kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o. Kí ló ń lé ẹ, Ìyá Dàmọ́lá?"

Kò sóhun tó ń lé mi. Eré ọdọọdún yẹn ló ń bọ̀, mo sì fẹ́ sá a. Mi ò ní kí n gba ipò kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin tó máa ń sáré yẹn ṣì wà nínú mi, tàbí wọ́n ti gbé e jáde pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa mí lẹ́kún ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má rò pé eré lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọmọ lọ́mú ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, tí mo ki ẹsẹ̀ bọ kanfáàsì àtijọ́, mo jáde. Ọyẹ́ mú, kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Mo dé ìyànà Ìjù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mi ò dé òpó iná kejì tí ojú ibi tí wọ́n là fi ń ta mí. Mo di ikùn mú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ojú bọ́.

"Ìyá ìkókó."

Ẹnìkan ló sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Ẹ gbà mí gbọ́, Rìsí ló dúró níbẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí aláwọ̀ ewé tó máa ń so sẹ́yìn ọrùn tó bá fẹ́ sáré. Mo figbe ta. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí, òógùn ló bò mí."

Kò sí òógùn kankan lójú rẹ̀. Mo rí i, mi ò kàn kà á sí ni. Ẹni tí ayọ̀ gbé lọ́kàn kì í yẹ ojú èèyàn wò.

Mo ní, "Ṣé láti Alápòtí lo ti sá wá?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ní mo wà," ó dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi, ó ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ẹ?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yá, jẹ́ ká rìn."

Mo fẹ́ bọ́ sí apá òsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó gbà á mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bọ́ sínú. Ìwọ lo lọ́mọ lọ́wọ́. Èmi, kò sóhun tó lè ṣe mí mọ́." Mo rò pé ó kàn ń kẹ́ mi ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹsẹ̀ mi ṣe nìyẹn. Òpó iná kan ní rírìn, òpó iná kan ní sísá. Bí mo bá fẹ́ yára, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí mo bá ṣe ń sá a lọ, pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu mi ni eré ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rojọ́: eyín tó fẹ́ hù lẹ́nu Dàmọ́lá, bí Màámi ṣe ń ju ọmọ sókè tí àyà mi á já, ẹ̀rù tó bà mí lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Rìsí á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nǹkan tí mi ò lè sọ fún ọkọ mi, òun ni mo sọ ọ́ fún.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí a fi ń ṣe é. Ara mi ń padà bọ̀. Òpó iná kan di méjì, ó di mẹ́ta, ó di pé a ń sá a dé ibi tí a ti máa ń yí padà láyé àtijọ́. Mo ń kọrin délé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ àwọn nǹkan tí mo rí.

Rìsí kì í bá mi dé ilé epo tí èrò máa ń wà. Bó bá ti kù díẹ̀ ká débẹ̀, á ní ọ̀nà òun jìn, òun ń padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tó kó àwọn obìnrin iléeṣẹ́ wa láti ìsìn dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ń juwọ́ sí mi. Nígbà tí mo yíjú, Rìsí ti fò sí ìhà koríko lẹ́yìn mi, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà, ó sì ti ki orí bọ inú koríko pátápátá.

Bí típà bá kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀wù mi ya. Rìsí ló sún mọ́ ọkọ̀ náà jù, ìbòrí orí rẹ̀ kì í mì.

Ibì kan sì wà, lẹ́yìn pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan, tó jẹ́ pé bí a bá ti débẹ̀, Rìsí á fò ó dá bí ẹni tó ń fo omi. Kò sí omi níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń fò. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn tutù." Èyí tó wá ń kó mi láyà sókè ni ìbéèrè rẹ̀. Lójoojúmọ́, ká tó gbé ẹsẹ̀, á wojú mi wẹ́rẹ́, á ní, "Kò tíì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ẹ?" Màá ní rárá. Á mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sún ìdájọ́ rẹ̀ síwájú.

Ọmọ ló tú àṣírí. Dàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọmú ní àwọn àárọ̀ tí mo bá lọ sáré. Á wo ẹ̀yìn mi, níbi ilẹ̀kùn, á yí ojú kúrò, á fi igbe bọnu. Lọ́jọ́ kan, Màámi fún omi ọmú mi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tutù bí omi kànga. Báàfù ìwẹ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ta lẹ jọ ń sáré?"

"Rìsí ni, Màámi. Ó máa ń ti Alápòtí wá."

"Rìsí wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Rìsí mélòó la ní?"

Báàfù jábọ́, omi dà sílẹ̀. Màámi ò wo omi. Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó fi ìró ara rẹ̀ bò ó, ó wá ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ọkọ mi, bí ẹni tí ilé ń jó. Ọkọ mi sáré jáde. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó jókòó sórí ilẹ̀ tó tutù yẹn.

Ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, Rìsí ti kú. Kò pẹ́ tó o lọ sí Ìkirè ni. Ó dá jáde lọ sáré láàárọ̀ ọjọ́ kan. Típà gbá a lẹ́yìn pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́ ọ."

Apá òsì. Ìhà ibi tí èmi máa ń wà.

Ó ní àwọn àgbà ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í tú ọ̀fọ̀ fún aboyún, a kì í tú u fún abiyamọ, kí omi ọmú má baà gbẹ. Gbogbo wọn ló jọ fẹnu kò sí i, àtàwọn obìnrin tó wá kí mi. Mo ní, "Alápòtí ńkọ́?" Ó ní orúkọ ìlú tó kàn sọ sí òun lẹ́nu nìyẹn, Rìsí ò tilẹ̀ ní ẹbí kankan ní Alápòtí.

Màámi ló wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àkúdàáyà ni. Ẹni tí kò gbọ́ pé ó kú nìkan ló máa ń jẹ́ kó rí òun, á sá fún ẹni tó bá ti gbọ́. Ìwọ nìkan ló kù tí kò gbọ́. Ní báyìí tó o ti gbọ́, o ò ní rí i mọ́. Dúpẹ́."

Mi ò dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti ṣe fídáù rẹ̀, wọ́n jẹ sàárà, èmi nìkan ni wọn ò jẹ́ kó sunkún. Mo wá rí i gbà padà, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa Rìsí mi.

Wọ́n ní kí n má gba ọ̀nà Ìjù mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀ báyìí, mo ti wà ní ìyànà Ìjù.

Kò sí ẹnìkankan. Kùrukùru nìkan ni. Mo dúró títí, mo wo gbogbo ìhà. Nígbà tó ṣe, mo bọ́ sí ìhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ipò mi àtijọ́, mo fi ìhà koríko sílẹ̀ fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mò ń sọ̀rọ̀ bó ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ti ń já lẹ́nu mi.

Mo ní, "Rìsí, wọ́n ti sọ fún mi o."

Ohun gbogbo dákẹ́. Mo sọ fún yín, kódà ariwo iléeṣẹ́ tí kì í dákẹ́ dákẹ́.

Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀. Nínú koríko, lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ẹsẹ̀ ẹnìkan ń bá tèmi lọ ní dọ́gba. Mi ò yíjú. Omi ojú ń bọ́, mò ń sá a lọ, mo ní, "O dúró dè mí. O ṣeun. O ti tún ẹsẹ̀ mi ṣe. Ó tó, máa lọ."

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó yára sí i, koríko ń ṣe ṣàà, ó ṣáájú mi, ó jìnnà sí mi. Eré Rìsí gan-an nìyẹn, eré tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a sá rí. Àṣé ó ti ń dẹ ẹsẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo dúró, mo ń fetí sí i títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo bá jókòó sétí títì, mo sun ẹkún tí wọn ò jẹ́ kí n sun.

Dàmọ́lá mu ọmú lọ́jọ́ náà títí ó fi sùn. Mo sì sá eré ọdọọdún yẹn. Àwọn tó gbẹ̀yìn ni mo bá wọlé, àmọ́ mo sá a tán, ìhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà ni mo sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá mi ò ní máa yọ yín lẹ́nu.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí iṣẹ́ sí Àgbárá. Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan, obìnrin tó jókòó tì mí rí kanfáàsì mi. Ó ní, "Ẹ máa ń sáré ni, mà? Àǹtí kan wà ládùúgbò wa tó máa ń sáré láfẹ̀mọ́júmọ́. Òun ló ń kọ́ èmi náà báyìí, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òpó iná kan ní rírìn, òpó iná kan ní sísá."

Mo ní, "Àdúgbò wo nìyẹn?"

"Alápòtí, mà. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé."

"Ṣé o ti rí àbúrò ìyá rẹ̀ náà rí?"

"Rárá o, mà. Mi ò rí i rí."

Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹsẹ̀ tẹ Alápòtí, mi ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò sóhun tó wù mí tó kí n rí Rìsí. Àmọ́ èmi ti gbọ́. Bí ojú wa bá ṣe mẹ́rin, ẹrù ló máa di, níbi tó ti rí ààyè gbé.

Nítorí náà, mo kìlọ̀. Ẹ má fi òkú pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí irọ́ tí ẹ bá pa, ẹnìkan lè kó lọ gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì wà ní Alápòtí, tí obìnrin kan tó so ìbòrí aláwọ̀ ewé bá ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn jọ sáré ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ má bi í léèrè nǹkan kan, ẹ má sì sọ fún un pé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yìí.

Ẹ kàn bọ́ sí apá òsì rẹ̀. Etí yẹn kì í gbọ́ ọkọ̀.